Ta Ni Yóò Jẹ́rìí Pé Èmi Ni?

Wọ́n ti kìlọ̀ òtútù fún mi kí n tó kúrò ní Akotogbo, nítorí náà òtútù kò bá mi lójijì. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé mo lè jáde nílé láàárọ̀ ní Dundee nílùú òyìnbó, kí n lọ síbi iṣẹ́, kí n padà wálé, kí ó má sí ẹyọ ẹnì kan tí yóò bi mí pé níbo ni mò ń lọ. Ní Akotogbo, tí mo bá fẹ́ ra iyọ̀ lásán, kí n tó dé ìsọ̀, ìdajì àdúgbò ti bi mí léèrè, ìdajì yòókù sì ti lọ sọ fún ìyá mi. Ó máa ń bí mi nínú gan-an nígbà náà. Mo máa ń sọ pé ọjọ́ tí mo bá bọ́ lọ́wọ́ àwọn olófòófó wọ̀nyí, ijó ni màá jó.

Mo dé Dundee, mo sì jó díẹ̀ nínú yàrá mi. Nígbà tí yóò fi tó oṣù kan, mo ti ń dúró ti ìyá àgbà kan níbi tí a ti ń wọ bọ́ọ̀sì, mo ń ṣàlàyé fún un pé ibi iṣẹ́ ni mò ń lọ o, pé màá yà ra búrẹ́dì tí mo bá ń bọ̀. Kò bi mí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì rọra sún sẹ́yìn.

Iṣẹ́ mi wà ní ilé ìfọṣọ ńlá kan tí ó ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn ilé ìwòsàn. Àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ náà tóbi ju yàrá tí mo ń gbé lọ, ariwo wọn kì í sì í jẹ́ kí a gbọ́ ara wa. Ó jọ pé ìyẹn náà ló tẹ́ àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lọ́rùn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo kí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń wọlé, mo béèrè ilé, mo béèrè ọmọ, mo béèrè ara. Ọ̀gá wa pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní ṣé kò sí o. Ó rò pé mo ń ṣàìsàn ni.

Ṣùgbọ́n mo ṣẹ́gun níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní kí a máa ká aṣọ ibùsùn ní méjì-méjì, ènìyàn kan ní ìhà ọ̀hún, ìkejì ní ìhà ìhín. Ẹni tí a jọ ń ṣe é kò wá, mo bá fi àgbọ̀n mi di etí aṣọ mú, mo ká a bí ìyá mi ṣe ń ká ìró, mo sì ń tò ó jọ. Ọ̀gá dúró wò mí. Lọ́jọ́ kejì ó kó gbogbo ilé iṣẹ́ jọ, ó ní kí n kọ́ wọn. Ẹ bá mi wo àwọn òyìnbó tí wọ́n to ara wọn lẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n fi àgbọ̀n di aṣọ mú. Mo ní kí wọ́n gbé àgbọ̀n sílẹ̀ dáadáa, wọ́n sì gbé e sílẹ̀.

Ìyá mi ni mo kọ́kọ́ pè láti sọ fún. Ó wà ní ẹbu, níbi tí wọ́n ti ń ṣe epo pupa, mo sì ń gbọ́ ohùn àwọn obìnrin lẹ́yìn rẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, ẹsẹ̀ ni ìyá mi fi ń tẹ epo. Tí wọ́n bá ti se ẹyìn, tí wọ́n ti gún un, wọn á dà á sínú kòtò, wọn á bọ́ sí i, wọn á máa tẹ̀ ẹ́ títí epo yóò fi jáde. Orúnkún rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Tó bá fẹ́ dìde, mo máa ń gbọ́ ọ lórí fóònù bó ṣe ń kọ́kọ́ pe Olúwa.

"Ìgbà wo lo máa wálé, ọma mi?" Bí ó ṣe máa ń parí ọ̀rọ̀ nìyẹn.

"Láìpẹ́, Màmá."

Mo ti ní ohun kan lọ́kàn. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n fi ń fún epo, tí ó ń lo dísù, tí ènìyàn kò ní ki ẹsẹ̀ bọ kòtò mọ́. Mo fẹ́ rà á fún un, mo sì fẹ́ kó bá a lójijì ní ẹnu ọ̀nà ẹbu. Mi ò jẹ́ kó mọ̀, torí tí ìyá mi bá gbọ́ pé mo ní owó lọ́wọ́, yóò ní kí n fi ra tíkẹ́ẹ̀tì kí n máa bọ̀ nílé.

Mo kọ́kọ́ ń fi owó náà pamọ́ sí báǹkì nílé. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń fi kún un ni náírà ń já wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iye tí wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà ń sá fún mi. Tìmẹ́hìn ló ní kí n gbé e lọ sínú kírípítò, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tó máa ń bá dọ́là rìn. Tìmẹ́hìn àti èmi jọ ka ìwé ni, ó ń tún fóònù ṣe ní Òkìtìpupa báyìí, èdè òyìnbó sì máa ń pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ tó bá fẹ́ kí a mọ̀ pé òun mọ nǹkan.

"Àpò tí wàá fi owó náà sí, ọ̀rọ̀ méjìlá ló máa fún ọ," ó wí. "Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ méjìlá yẹn lọ́wọ́ ló ni owó. Tó bá sọnù, ó ti parí nìyẹn."

"Ṣé kò sí mánéjà tí mo lè lọ bá ni?"

"Kò sí mánéjà, kò sí sẹ́kítírì. Kò sí ẹni tí o máa kúnlẹ̀ bẹ̀ pé ẹ jọ̀ọ́ sà."

Ẹ̀rù bà mí. Ibi tí ọmọ Nàìjíríà kò ti lè rí ẹni bẹ̀, ibi burúkú ni. Mo ní kó wá òmíràn fún mi, ó sì wá a. Ó ní oríṣi àpò kan wà tí kì í gbára lé ọ̀rọ̀ méjìlá rárá, ènìyàn ló gbára lé. Ẹni tó ni owó yóò yan àwọn olùṣọ́, olúkúlùkù yóò sì fi áàpù àpò yìí sí orí fóònù tirẹ̀. Wọn kò lè rí owó náà, wọn kò sì lè ná an. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Lọ́jọ́ tí fóònù mi bá sọnù, tí mo bá ra tuntun, mo lè ní kí wọ́n jẹ́rìí pé èmi ni mo mú fóònù tuntun yẹn dání. Tí mo bá yan ènìyàn mẹ́ta, tí méjì bá tẹ bọ́tìnì pé èmi ni, àpò yóò ṣí lẹ́yìn ìdúró ráńpẹ́. Wọ́n fi ìdúró yẹn sí i kí ẹni tó ni ín lè fagi lé e tó bá jẹ́ pé olè ló ń béèrè.

"Àwọn olùṣọ́ yẹn kò gbọdọ̀ mọ ara wọn o," Tìmẹ́hìn kìlọ̀. "Kí méjì má baà gbìmọ̀ pọ̀. Sẹ́kọ́ríti nìyẹn."

Mo fi ọgbọ́n yan wọn. Mo mú Tìmẹ́hìn fúnra rẹ̀ ní Òkìtìpupa. Mo mú Bàbá Lídà ní Òde-Ayé, tí ó jẹ́ olórí ìjọ Àládùúrà kan, tí mo gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Mo mú Àǹtí Múnírátù ní Ìlútítun, oníṣòwò epo tó máa ń ra epo lọ́wọ́ ìyá mi, Àlájà tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ìlú mẹ́ta, iṣẹ́ mẹ́ta, ẹ̀sìn méjì. Mo sọ fún olúkúlùkù pé àṣírí ni, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, kó kàn wá ẹni tó mọ̀ nípa fóònù dáadáa kó bá a fi áàpù náà sí i. Inú mi dùn sí ara mi lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ní gbogbo agbègbè wa yẹn, ta ni ẹni tó mọ̀ nípa fóònù dáadáa?

Bàbá Lídà wọ mọ́tò lọ sí Òkìtìpupa, ó lọ bá Tìmẹ́hìn. Àǹtí Múnírátù wọ mọ́tò lọ sí Òkìtìpupa, ó lọ bá Tìmẹ́hìn. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n lọ. Wọ́n bá ara wọn lórí bẹ́ǹṣì, olúkúlùkù di fóònù mú mọ́ àyà, wọ́n sì ń wo ara wọn láti ẹ̀gbẹ́ ojú.

Bàbá Lídà ló pè mí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. "Ọmọ mi, a ti ṣe ìpàdé àkọ́kọ́."

"Ìpàdé kí ni, sà?"

"Ìpàdé Ẹgbẹ́ Olùṣọ́. Èmi ni alága. Àlájà ni akápò. Tìmẹ́hìn ni akọ̀wé. A ń jókòó ní Sátidé, torí Àlájà ní Jímọ̀, èmi náà sì ní ọjọ́ ìsinmi. Àlájà se pùpùrú, ó dùn púpọ̀."

Mo pariwo. Mo ní ẹ kò gbọdọ̀ mọ ara yín! Ó ní báwo ni ènìyàn mẹ́ta ṣe máa ṣọ́ ohun kan náà láìrí ara wọn, ṣé olè ni wọ́n ni? Mo pe Tìmẹ́hìn láti bú u, ó ní kí n dúró díẹ̀, òun ń kọ ohun tí wọ́n sọ nípàdé sílẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí mo béèrè ohun tí akápò ń tọ́jú nígbà tí kò sí owó, ó ní ẹgbẹ́ kankan kì í wà láìní akápò.

Inú bí mi fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé Sátidé ni mo ń retí. Wọ́n máa ń pè mí tí wọ́n bá ti jẹun tán, wọ́n á gbé fóònù ti ìkòkò, wọ́n á máa jiyàn lórí ohun tí kò kàn mí, èmi á sì jókòó ní Dundee pẹ̀lú tíì mi, mo ń gbọ́ wọn. Wọ́n ń ṣọ́ mi lóòótọ́, mo sì gbádùn rẹ̀ ju bí mo ṣe lè sọ fún wọn lọ.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ ló pa fóònù mi. Mo gbé e lé orí òkìtì aṣọ, ẹnì kan gbá òkìtì náà mọ́ra sọ sínú ẹ̀rọ, omi gbígbóná sì bò ó. Nígbà tí ó jáde, ó mọ́ tónítóní, ó ń ta sánsán, ó sì ti kú. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín aṣọ ibùsùn, mo sunkún kíkorò. Ẹ̀rọ ìyá mi ni mo ń sunkún, ọdún márùn-ún tí mo ti fi àgbọ̀n ká aṣọ.

Bí mo ṣe fi kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ béèrè ìrànlọ́wọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí ni ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Dókítà Wílíàmù kọ̀wé sí mi. Ó ní iṣẹ́ òun ni láti gba owó tó sọnù padà, kí n kàn fi ọ̀rọ̀ méjìlá mi ránṣẹ́. Mi ò ní ọ̀rọ̀ méjìlá kankan, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn, mo sì fẹ́ ẹni tí màá fi ṣeré. Mo kọ orúkọ oúnjẹ méjìlá ránṣẹ́ sí i, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí pùpùrú, mo parí rẹ̀ sí ẹja ọ̀bọ̀kún. Ó kọ̀wé padà ní Yorùbá gidi: "Sìsí, ṣé ebi ń pa yín ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Mo bi í pé ọmọ ìlú ibo ni, ló bá sá lọ, mi ò rí i mọ́. Ká sọ tòótọ́, ó dùn mí díẹ̀ pé ó lọ.

Mo ra fóònù tuntun, mo ṣí áàpù náà, mo ní kí àwọn olùṣọ́ mi jẹ́rìí. Mo rò pé wọ́n á kàn tẹ bọ́tìnì ni. Akọ̀wé ránṣẹ́ sí mi pé ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ jókòó, nítorí òun ti kà á pé àwọn olè ń gbé ohùn àti ojú ènìyàn wọ̀ báyìí.

Ní Sátidé, wọ́n kó ara wọn jọ sí ìsọ̀ Àǹtí Múnírátù láàárín dírọ́ọ̀mù epo, wọ́n sì fi fídíò pè mí. Bàbá Lídà gbàdúrà, Àǹtí Múnírátù ṣe àmín, òun náà gbàdúrà tirẹ̀. Alága wá tún ohùn ṣe.

"Ìwọ tí o sọ pé ìwọ ni ọmọ wa. Nígbà tí o fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde, kí ni mo ní kí o ṣe?"

"Ẹ ní kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, sà. Lọ́jọ́ kejì ẹ bá mi lẹ́yìn ilé ìdáná níbi tí mo ti ń jẹ bọ̀ọ̀lì. Ẹ wo iwájú, ẹ wo ẹ̀yìn, ẹ jókòó, ẹ sì gba ìdajì."

Àǹtí Múnírátù rẹ́rìn-ín títí ìborùn fi bọ́ lórí rẹ̀. Bàbá Lídà ní ẹgbẹ́ ti gba ìdáhùn náà wọlé, kí akọ̀wé má kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ó kan Tìmẹ́hìn," ni Àǹtí wí.

"Èmi ò ní ìbéèrè!" Tìmẹ́hìn ti yára mú fóònù rẹ̀. "Òun ni! Ó dá mi lójú, kò sídìí fún ìbéèrè." Ó tẹ bọ́tìnì. Mo rí i lójú fóònù mi pé ẹnì kan ti jẹ́rìí, ó ku ẹnì kan.

Bàbá Lídà mú fóònù jáde lápò. Ó ń dán. Tìmẹ́hìn wò ó. "Bàbá, fóònù tuntun nìyí. Èyí tí mo fi áàpù sí ńkọ́?"

"Mo ti fi ta ọmọ ìjọ kan lọ́rẹ. A nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò."

Tìmẹ́hìn gbé ọwọ́ lé orí. "Bàbá! Ẹ̀rí yín wà nínú rẹ̀! Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ṣebí ọmọ yìí ló ní àṣírí ni, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ìgbà kan ṣoṣo tí Bàbá Lídà pa àṣírí mọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn. Ó wá ku Àǹtí Múnírátù nìkan, gbogbo wa sì wò ó. Ó tún ìborùn rẹ̀ dì, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ojú rẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé olè lè gbé méjèèjì wọ̀. Ti bọ̀ọ̀lì yẹn, gbogbo Òde-Ayé ló mọ̀ ọ́n."

"Gbogbo Òde-Ayé?" ni Bàbá Lídà béèrè.

"Ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ wá. Ọwọ́ obìnrin yẹn ni mo ti ń ra epo. Tí mo bá fi oghó ọma rẹ̀ lé olè lọ́wọ́, ojú wo ni màá fi wò ó?"

Mo bẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ìyá mi nìkan ni mi ò fẹ́ kó mọ̀, òun náà ni wọ́n wá ránṣẹ́ sí.

Ní Sátidé kejì, mo rí i tó ń tiro wọlé. Wọ́n fún un ní àga tó kọjú sí fóònù. Ojú wa ṣe mẹ́rin, mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá," mo sì kúnlẹ̀. Mo ti gbé fóònù tèmi lé orí tábìlì.

"A ò rí ọ mọ́ o!" Tìmẹ́hìn kígbe. "Ògiri nìkan là ń wò! Nẹ́tíwọ̀kì ti lọ!"

Mo dìde, mo jókòó padà. Ìyá mi ṣì ń wo ojú fóònù.

"Màmá," ni Àǹtí Múnírátù wí, "ṣé òun ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

Àǹtí Múnírátù gbé ìka kúrò lórí fóònù rẹ̀.

"Ọma tèmi ní òun ń bọ̀ wálé láìpẹ́," ìyá mi wí. "Láìpẹ́ yẹn ti di ọdún márùn-ún. Èyí tó wà nínú fóònù yìí, mi ò lè búra fún un. Ẹ má tẹ nǹkan kan. Ọjọ́ tí mo bá fọwọ́ kàn án, màá sọ."

Mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ẹkún. Mo ní, "Màmá, ẹ̀rọ ìfúnpo ni mo fẹ́ rà fún yín, kí ẹ má fi ẹsẹ̀ tẹ epo mọ́, torí orúnkún yín." Ó tẹ́tí sílẹ̀ títí mo fi sọ ọ́ tán. Ó wá yí sí Àǹtí Múnírátù.

"Olè yìí mọ ọ̀rọ̀ sọ o," ó wí, ó sì dìde lọ.

Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Mo ń ju ọwọ́ kiri, mo ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Ní ibi iṣẹ́, mo fi káàdì mi kan ẹnu ọ̀nà, iná aláwọ̀ ewé tàn, ilẹ̀kùn ṣí, bó ṣe máa ń ṣí lójoojúmọ́. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo iná náà. Káàdì yẹn kò kọ̀ mí rí. Ẹnikẹ́ni ní Dundee kò lè sọ pé òun kò mọ̀ mí mọ́, torí kò sí ẹni tó mọ̀ mí tẹ́lẹ̀. Ó ku ibì kan láyé tí wọ́n ti lè sọ bẹ́ẹ̀ kó dùn mí. Mo gba ìsinmi, mo fi owó oṣù mi ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ní ẹbu ni mo bá a. Tìmẹ́hìn ló wakọ̀, ẹgbẹ́ sì kún inú ọkọ̀ náà, Àǹtí Múnírátù di fóònù rẹ̀ mú lọ́wọ́ láti Ìlútítun wá. Ìyá mi wà nínú kòtò, epo dé orúnkún rẹ̀. Ó rí mi. Ó fọwọ́ ti etí kòtò, ó pe Olúwa, ó gun òkè, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì tó kún fún epo gbá ojú mi mú. Ó tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó fa etí mi, ó fọwọ́ wọ́ ọrùn mi títí dé èjìká. Epo ń ṣàn sára aṣọ tí mo rà ní Dundee.

"O ti rù," ó wí. Ó yí sí Àǹtí Múnírátù. "Òun ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Màmá, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ ò dá mi mọ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

"Ìgbà tí o kúnlẹ̀ tí a ò rí ọ mọ́ ni mo ti mọ̀ pé ìwọ ni," ìyá mi wí. "Olè wo ló máa kúnlẹ̀ kí mi níbi tí ojú mi ò dé?"